Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí: Ohun Tí Scan Ojú Ìdí Lè Fi Han Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Ọ̀rọ̀ ojú ìdí ni. Bí ibà bá ń ṣe èèyàn, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ, á pariwo. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, á pa á mọ́ra bí ẹni pé olè ló jà.

Níbo ló máa wá gbà lọ? Ẹ lọ sí gáréèjì èyíkéyìí láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí àwọn alágbo tòun ti ìgò wọn. Èyí wà fún ibà, èyí wà fún ọpa ẹ̀yìn, ti jẹ̀díjẹ̀dí kì í sì í wọ́n níbẹ̀. N ò bá wọn jà o, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fún oríṣiríṣi àìsàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ń yọ síta, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí eéwo ń yọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìdí, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Kódà, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ara rẹ̀ ò yá lórí ibùsùn, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá a fà á. Ṣúgà ni wọ́n sì máa ń di gbogbo ẹ̀bi náà rù.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìdí kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àmì ni. Bí èéfín ṣe rí sí iná ló ṣe rí. Ẹ rí èéfín lókèèrè, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n ń dáná oúnjẹ ni tàbí ilé ló ń jó.

Kí ló lè wà nídìí ẹ̀jẹ̀ náà?

Àkọ́kọ́ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lójú ìdí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pile tàbí haemorrhoid. Òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn baba wa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pupa fòò, ó máa ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́, ó sì lè má dunni rárá. Ìgbẹ́ líle, kí èèyàn máa fi ipá tì í, kó máa jókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, àti oyún, wọ́n wà lára ohun tó ń fà á.

Ìkejì ni ojú ìdí tó ya, tí wọ́n ń pè ní fissure. Eléyìí máa ń dunni bí ẹni pé wọ́n fi abẹ rẹ́ ibẹ̀, pàápàá nígbà tí ìgbẹ́ bá ń jáde.

Ìkẹta ni eéwo tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìdí, tó bẹ́, tó gbẹ, tó tún padà. Tó bá ti ń padà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti la ọ̀nà láti inú ojú ìdí bọ́ sí awọ ara. Fistula ni wọ́n ń pe irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni kí iṣan tó ń dé ojú ìdí já. Àwọn obìnrin tó ti bímọ ló sábà máa ń ṣe. Ó lè má sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Isó tàbí ìgbẹ́ ni kò ní ṣeé mú dúró mọ́.

Ìkarùn-ún, èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá tàbí ti ojú ìdí. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà lè pupa, ó sì lè má dunni fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí láti ọdún dé ọdún, tó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló wà nínú, ṣe ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Báwo wá ni dókítà ṣe ń mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún? Ọ̀nà pọ̀ tó ń gbà. Àmọ́ ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn èèyàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀: scan tí wọ́n ń ṣe láti ojú ìdí.

Ìró tí etí ò gbọ́

Gbogbo wa la mọ scan aboyún. Ẹ̀yin ará Abidjan, tí wọ́n bá ní échographie fún yín, òun náà nìyẹn. Kì í ṣe iná ló fi ń ríran, kì í sì í ṣe ìtànṣán bíi ti X-ray. Ìró ló ń lò. Etí ọmọ èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àdán ń gbọ́ ọ. Tó bá ń fò lóru, á ké, igbe náà á lọ kọ lu igi tàbí ògiri, á padà wá sí etí rẹ̀, á sì mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Gbohùngbohùn la ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá ti pariwo sínú kànga rí mọ ohun tí mò ń wí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ scan ṣe ń ṣiṣẹ́. Á rán ìró sínú ara, á dúró de gbohùngbohùn rẹ̀, á sì fi ohun tó padà wá ya àwòrán. Lọ́dún 1958, Ian Donald, dókítà aboyún ní Glasgow lórílẹ̀-èdè Scotland, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí wọ́n ṣe fi ìró yẹ inú ikùn wò. Irú ẹ̀rọ táwọn oníṣẹ́ irin fi ń wá ibi tí irin ti sán ló kọ́kọ́ yá lò.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé scan tí wọ́n ń gbé lé ikùn ò lè rí ojú ìdí ni? Ó ṣòro. Gáàsì inú ìfun ń dí ìró lọ́nà, egungun ìbàdí náà ń dí i, ibẹ̀ sì jìnnà sí awọ ikùn. Ìró tó ń wọlé jìnnà kì í fi kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn dáadáa. Èyí tó ń fi kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn kì í lè rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lè fi wọ ojú ìdí, kó lè wo iṣan ibẹ̀ ní tòsí. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yẹ prostate wọn wò mọ bó ṣe rí.

Lọ́dún 1989, Clive Bartram àti ẹnìkejì rẹ̀ ní ọsibítù St Mark's nílùú London ṣàlàyé bí ojú ìdí tó dá ṣáṣá ṣe máa ń rí lójú scan yìí. Ọdún 1835 ni Frederick Salmon dá ọsibítù náà sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí fistula àti àwọn àìsàn ìdí mìíràn ń bá jà. Salmon kan náà ló ṣe iṣẹ́ abẹ fistula fún Charles Dickens, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1841, nígbà tí oògùn oorun iṣẹ́ abẹ ò tíì dé. Ẹ ò rí i pé àìsàn yìí ò mọ olówó, kò mọ olókìkí?

Okùn méjì tó fa ẹnu àpò

Kí a tó lè mọ ohun tí scan yìí ń wá, ó yẹ ká mọ bí ojú ìdí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ẹnu àpò tí wọ́n fi okùn méjì fà, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Okùn inú ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀sán àti òru, kódà tí a bá ń sùn. Òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan máa rọ́ jáde láìmọ̀. Okùn òde ló ń gbọ́rọ̀ sí wa lẹ́nu. Tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n wá nínú mọ́tò láàárín Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun la ń fún mọ́ra títí a ó fi rí ibi sọ̀ kalẹ̀.

Lójú scan, iṣan inú máa ń yọ bí òrùka dúdú, iṣan òde á sì yí i ká bí òrùka mìíràn tó funfun jù ú lọ. Tí òrùka kan bá já, dókítà á rí àlàfo níbẹ̀. Bí ojú aago ni wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n lè sọ pé iṣan já láti aago mọ́kànlá dé aago kan. Ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ti mọ ibi tó ń lọ kó tó mú abẹ dání nìyẹn.

Àwọn ìyá tí wọ́n ń jìyà lábẹ́lẹ̀

Ibi tí scan yìí ti wúlò jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìtìjú pọ̀ sí jù. Tí ọmọ bá ń bọ̀ láti ojú ara, pàápàá àkọ́bí, tàbí ọmọ tó tóbi, tàbí tí wọ́n fi irin fa ọmọ náà, ojú ara lè ya wọ inú iṣan ojú ìdí. Tí ẹni tó gbẹ̀bí ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè rán awọ òde, kí iṣan inú sì wà ní jíjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1993, Abdul Sultan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé ìwádìí kan jáde tó ya àwọn dókítà lẹ́nu. Wọ́n ṣe scan ojú ìdí fún àwọn obìnrin kí wọ́n tó bímọ, wọ́n tún ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Nínú 79 tó fi ojú ara bí àkọ́bí wọn, 28 ni iṣan wọn ti já níbì kan. Ìyẹn ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ìṣòro o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sẹ́ni tó rí ohunkóhun lára wọn lọ́jọ́ ìbímọ.

Ẹ wá wò ó nílé wa. Ìyá tí isó ń bọ́ mọ́ lára láìfẹ́, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ṣe àlùwàlá kí ìrun kan tó parí? Tó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀yìn pátápátá ló máa jókòó sí, tàbí kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́jà, á máa sá fún oníbàárà. Ọkọ lè rò pé kò fẹ́ òun mọ́ ni. Wọ́n á ní aráyé ló ń ṣe é. Iṣan tó já ni, ó sì ṣeé rán. Tí kò bá tíì pọ̀, eré ìdárayá tí wọ́n fi ń fún iṣan ibẹ̀ lókun lè ran ìyá náà lọ́wọ́. Scan ló máa sọ èyí tó tọ́.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí wa, tó fi mọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí nílé àdúrà, ẹ jọ̀wọ́, tí ojú ara bá ya, ẹ má kàn rán an. Ẹ gbé ìyá náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ iṣan wò lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣan tó já ni ìka nìkan máa ń bá pàdé lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé à ń wá scan kiri.

Eéwo tí kì í lọ tán

Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké wà nínú ojú ìdí tó ń ṣe omi tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ máa yọ̀. Tí ọ̀kan bá dí, tí kòkòrò àrùn wọ̀ ọ́, á gba ọyún. Ọyún á wá ọ̀nà jáde, á bẹ́ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Èèyàn á ra kápúsù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, á gbẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á tún wú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀nà fistula yẹn ló ṣòro. Ó lè gba àárín òrùka méjèèjì kọjá, ó lè gún òrùka òde, ó sì lè gba òkè gbogbo wọn yí ká. Lọ́dún 1976, Alan Parks, tí òun náà jẹ́ dókítà ní St Mark's, pín wọn sí oríṣi mẹ́rin, ìpín náà ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé tí oníṣẹ́ abẹ bá la fistula láìmọ iye iṣan tó wà lórí rẹ̀, ó lè gé iṣan náà jù. Eéwo á lọ, àmọ́ ìgbẹ́ ò ní ṣeé mú dúró mọ́. Scan dà bí ẹni tó kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà oko kí àwọn yòókù tó gbé àdá. Nígbà míì, wọ́n máa ń fi hydrogen peroxide díẹ̀ sẹ́nu ihò ìta, ìfóòfó rẹ̀ á tàn yòò lójú ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ka ọ̀nà náà á sì hàn.

Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?

Ara ògiri ìparí ìfun, tí à ń pè ní rectum, jẹ́ ìpele ìpele, bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ ní ewé lórí ewé. Scan máa ń fi ìpele márùn-ún hàn níbẹ̀. Tí kókó jẹjẹrẹ bá wà, ìbéèrè dókítà ni pé, ewé mélòó ló ti gún? Tí kò bá tíì kọjá àwọn ìpele inú, ó lè ṣeé ṣe láti gba ojú ìdí yọ ọ́ láìla ikùn. Tó bá ti gún ògiri já, wọ́n lè kọ́kọ́ fi ìtànṣán àti oògùn jẹjẹrẹ sún un kì kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Scan yìí mọ èyí tó ṣì kéré dáadáa. Fún èyí tó ti tóbi, MRI ni wọ́n sábà máa ń fi kún un.

Ẹ má rò pé àìsàn òyìnbó ni o. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ṣírò pé ó lé ní 1,900,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá mú lọ́dún 2022 nìkan. Nílé níbí, láti 2013 ni àwọn dókítà OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti ọsibítù jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York ti jọ ń ṣèwádìí, nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ ARGO báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Alatise, oníṣẹ́ abẹ ní Ifẹ̀, wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ wa ń rí lemọ́lemọ́ ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé títí àrùn á fi ti tàn kálẹ̀, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀ sì wà láàárín wọn.

Ohun tí scan yìí ò lè ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ṣòfò, ẹ gbọ́ èyí. Pile lásán kò nílò scan ojú ìdí. Ìka dókítà àti ọ̀pá kékeré oníná tí wọ́n fi ń wo inú ibẹ̀ ti tó. Fissure, ojú lásán ni wọ́n fi ń rí i. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá láti òkè nínú ìfun ńlá, scan yìí ò ní rí i. Colonoscopy ló máa rí i, ìyẹn okùn gígùn oníkámẹ́rà tó ń yẹ gbogbo ìfun ńlá wò. Scan kì í sì í sọ pé kókó kan jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹran díẹ̀ ni wọ́n á gé níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò kó tó dájú.

Nítorí náà, ẹ má kàn gbéra lọ sí ilé scan pé ẹ fẹ́ ṣe ti ìdí. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Dókítà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdí, tí kò sì fi ìka yẹ ibẹ̀ wò, kò tíì yẹ̀ yín wò nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàgbẹ́, tàbí kí wọ́n fi oògùn olómi díẹ̀ fọ ìparí ìfun. Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sókè. Ọ̀pá náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka lọ. Wọ́n á fi rọ́bà bò ó, wọ́n á fi gẹ́ẹ̀lì pa á, wọ́n á sì rọra tì í wọlé. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, kò sábà gba abẹ́rẹ́ oorun. Ara lè má rọni lọ́rùn, àmọ́ kò yẹ kó dunni gan-an. Tí ibẹ̀ bá ti ń ta yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin lè ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró ti òun.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pá kankan ò ní wọlé. Wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ tàbí rọ́bà bo ojú scan tí wọ́n ń lò fún aboyún, wọ́n á sì gbé e lé awọ tó wà láàárín ojú ara àti ojú ìdí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi rí eéwo, fistula àti òrùka iṣan méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ náà ni, ẹ̀kọ́ ló kù.

Níbo la máa gbà?

Láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ ò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ. Ọsibítù ìkọ́ni Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1907, wà níbẹ̀, ti LAUTECH náà wà níbẹ̀. Òṣogbo tó nǹkan bí kìlómítà 40, níbi tí ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN wà. OAUTHC wà ní Ifẹ̀, UCH wà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe scan ló ní ọ̀pá ojú ìdí, nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní in àti iye owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹni tó wà nínú ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, O'HIS, kó béèrè ohun tí ètò náà máa san nínú rẹ̀.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la? Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó di tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ń ṣe é bí ẹni pé kò tán nínú. Ẹni tó ń rù láìmọ̀dí. Ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun ti mú òbí tàbí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ẹni tí eéwo ìdí rẹ̀ ti padà lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tí kò lè mú ìgbẹ́ tàbí isó dúró mọ́, kódà bó ti tó ogún ọdún tó ti bímọ. Tí ẹ bá sì ti ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí kan fún oṣù kan tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ gbé ìgò náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ọ̀nà ọsibítù lọ.